Bí a ṣe ń yan oníkúríà tí yóò gbé ẹ̀jẹ̀, oògùn àti ohun àyẹ̀wò pàjáwìrì láti Ìkòròdú

Kí ẹ tó pe oníkúríà kankan, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ láàbù tàbí ilé ìwòsàn: dìgírì mélòó ni nǹkan náà ń fẹ́, wákàtí mélòó ló sì lè lò lójú ọ̀nà? Àpò ẹ̀jẹ̀ pupa ń fẹ́ dìgírì 2 sí 10 lójú ọ̀nà. Plátílẹ́ẹ̀tì, èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá lójú ọgbẹ́, ń fẹ́ 20 sí 24; ẹni tó bá gbé e lé yìnyín ti bà á jẹ́. Plásímà (omi ara ẹ̀jẹ̀) tó ti dì kò gbọdọ̀ yọ́. Ọ̀pọ̀ àjẹsára àti ínsúlìn tí a kò tíì ṣí ń fẹ́ 2 sí 8. Oníkúríà tó bá ní "kúlà kan náà la fi ń gbé gbogbo ẹ̀", ẹ dágbére fún un.

Lẹ́yìn náà, àpótí ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọ̀kadà. Àpótí tí àwọn díspáàṣì fi ń gbé aṣọ àti bàtà máa ń gbóná janjan bí oòrùn bá pa á láti Májídùn dé Máìlì 12. Èyí tí ẹ ń wá nípọn lára, ìdérí rẹ̀ dé pinpin, ó sì ní tẹmọ́míta tí a lè kà láìṣí i. Bó bá jẹ́ èyí tó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìrìn tí wọ́n rìn kẹ́yìn hàn yín.

Yìnyín gan-an ló ń tú àṣírí wọn. Áìsì pákì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fírísà jáde tutù ju dìgírì odo lọ. Bó bá fara kan àpò ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á dì, á sì bẹ́. Àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) á pàdánù agbára rẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pèsè yìnyín wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní: a máa ń yọ ọ́ sórí tábìlì, a ó máa gbọ̀n ọ́n sétí títí a ó fi gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀, a ó nù ún gbẹ, a ó sì fi páálí sáàárín òun àti ẹrù.

Ohun àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wà nínú ìdì mẹ́ta: ìgò tó dé dáadáa, òwú tó lè fa gbogbo omi inú rẹ̀ àti ìdì kejì tí kì í jò, lẹ́yìn náà àpótí líle tí wọ́n kọ UN3373, àmì àgbáyé fún ohun àyẹ̀wò ara, sí lára. Ìwé láàbù kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ìgò. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ potásíọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, wò, ẹ ya omi ara ẹ̀jẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní Ìkòròdú kó tó gbéra. Bí ọ̀nà gbágungbàgun bá mì ín, sẹ́ẹ̀lì á fọ́, àbájáde á sì ga lórí irọ́. Ìgò tí wọ́n fi ń wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú yìnyín rárá.

Ọ̀nà ńkọ́? Bí ẹrù bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, Máìlì 12 ni wàhálà, pàápàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ Erékùṣù ni, ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò yá ju títì lọ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìjì lè dá a dúró, kì í sì í ṣe ọ̀nà òru. Oníkúríà gbọ́dọ̀ ní ènìyàn tó ń dúró ní èbúté kejì. Ẹ béèrè ta ni yóò gba ẹrù bí ọ̀kadà bá kọṣẹ́ ní Kétu. Kó sì jẹ́rìí pé òun kò ní yà já ẹrù ẹlòmíràn sílẹ̀ lójú ọ̀nà; ibẹ̀ ni wákàtí máa ń gbé ṣòfò. Ìwé àṣẹ NIPOST, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba tó ń fún oníkúríà láṣẹ, ńkọ́? Ẹ wò ó kíá, kí ẹ máa lọ.

Ẹ dán an wò kí pàjáwìrì tó dé: ẹ fi ìgò omi àti tẹmọ́míta sínú àpótí náà nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, kí wọ́n gbé e dé ibi tí ẹrù yóò máa lọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á á kọ aago, dìgírì àti orúkọ wọn sílẹ̀. Bí dìgírì bá ti yẹ̀, ẹ má lò ó, ẹ má sì dà á nù. Ẹ kọ "má lò ó" sí i lára, ẹ fi í sọ́tọ̀ níbi tí dìgírì tó ń fẹ́ wà, kí ẹ sì pe ibi tó ti wá.