Bí mo ṣe yẹ eré chess tí wọ́n fi na àbúrò mi wò

Àbúrò mi ló ta dúdú nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ìrìn 10 péré ni wọ́n fi ká a mọ́. Bó ṣe gbé ìwé tó kọ eré náà sí wá, ó ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà. Mo ní rárá. Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta chess, á fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ta á. Mo tẹ́ pátákó, mo ní kó máa ta á kó máa rojọ́.

Two Knights, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ chess, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ (N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà àti nọ́ńbà sì ni orúkọ ojú pátákó): e4, e5, Nf3, Nc6, Bc4, Nf6. Ẹṣin funfun fò sí g5, òun àti bíṣọ́ọ̀bù jọ dojú kọ f7 tí ọba nìkan ń ṣọ́. Àbúrò mi fi pawn (ọmọ ogun kékeré) d5 dí bíṣọ́ọ̀bù lọ́nà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Funfun jẹ pawn náà, òun náà fi ẹṣin jẹ ẹ́ padà. Ni ẹṣin funfun bá já wọ f7! Ọba jẹ ẹ́, ayaba yọ sí f3, check (ó ń halẹ̀ mọ́ ọba), ọba sá sí g8. Bíṣọ́ọ̀bù jẹ ẹṣin d5, ayaba dúdú jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ayaba funfun jẹ ayaba. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú sáré dí i ní e6, ayaba gbé e mì, ó parí.

Gbogbo ẹni tó rí i ló ń dá g8 lẹ́bi. Lóòótọ́, e6 ló yẹ kí ọba lọ, kó lè dúró ti ẹṣin rẹ̀. Àmọ́ ọmọ wo ló máa fi ọba sí àárín ogun tí àyà rẹ̀ ò ní já? Lójú tèmi, ìrìn karùn-ún ló dá wàhálà sílẹ̀, ìgbà tó fi ẹṣin jẹ pawn d5. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbé ẹṣin c6 lọ sí a5.

"Bùọ̀dá mi, ṣebí wọ́n ní ẹṣin kì í gbé etí pátákó?"

Wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti a5 ó ti gbéjà ko bíṣọ́ọ̀bù c4. A ta á wò: Bb5 check, c6, funfun jẹ ẹ́, pawn b7 jẹ ẹ́ padà, bíṣọ́ọ̀bù sá sí e2. Pawn h6 lé ẹṣin g5 sí f3, pawn e4 tún lé e sí e5, bíṣọ́ọ̀bù d6 tún ká a mọ́bẹ̀. Pawn kan ni dúdú fi tọrẹ, ẹṣin kan ṣoṣo sì ni funfun ń fi sá kiri. Àbúrò mi tún un ta fúnra rẹ̀ láìdúró.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ṣí Stockfish, òun náà fara mọ́ a5. Bd3 dípò Be2 ló kù tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Ìyẹn le díẹ̀, torí ẹṣin g5 á lè padà sí e4.