Bẹ́ ẹ ṣe máa wá orin Japan tó fi "sa" bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ò sì ní sọnù sójú ọ̀nà

Ká ní "sa" ni wọ́n bù fún yín. Ó lè jẹ́ níbi karaoke, ó lè jẹ́ eré táwọn ọ̀rẹ́ ń ṣe lórí WhatsApp, ó sì lè jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ to playlist yín báwọn ará Japan ṣe ń tò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ ṣe ni ká sáré lọ sórí YouTube ká tẹ "Japanese songs with sa", ohun tó máa kó jáde ò ní lórí, kò ní nídìí, torí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ orin lẹ̀ ń wá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni YouTube ń wò. Gbogbo àlàyé mi ò ju ìyẹn lọ: etí lẹ máa fi wá a, ẹ fi ojú sílẹ̀ ná.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan. Fáwẹ̀lì márùn-ún ló máa ń ṣáájú, a, i, u, e, o, u ló tẹ̀lé i o, ẹ má fi e síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ka, ki, ku, ke, ko, ó wá kan ìlà tiwa: sa, shi, su, se, so. Àwọn ìlà tó kù ni ta, na, ha, ma, ya, ra àti wa, n wá dá dúró sẹ́yìn pátápátá. Hiragana ni wọ́n ń pe àwọn lẹ́tà yìí, 46 ni wọ́n ń lò lóde òní, ẹyọ lẹ́tà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sílébù odindi kan. Ẹnu Yorùbá ò tiẹ̀ ní wàhálà níbẹ̀ jàre, sa-ku-ra ń bọ́ sí wa lẹ́nu geerege torí fáwẹ̀lì ni sílébù tiwa náà sábà máa ń fi parí.

Èyí tó ń dójú rú ni Excel. Tẹ́ ẹ bá kó orúkọ orin síbẹ̀ ní lẹ́tà òyìnbó tẹ́ ẹ ní kó bá yín tò ó, á di sa, se, shi, so, su, àwọn míì sì tún máa ń kọ shi ní "si", wọ́n á kọ tsu ní "tu", gbogbo ẹ̀ á wá dà rú mọ́ ara wọn. Ohun témi máa ń ṣe ni pé mo máa ń ya column kan sọ́tọ̀ fún bí wọ́n ṣe ń pe orin náà, hiragana ni mo fi ń kọ ọ́, column yẹn ni mo máa ń ní kó fi tò ó.

Báwo lẹ ṣe máa tẹ hiragana? Ẹ wọ settings Gboard, ìyẹn keyboard Google, lórí fóònù yín, ẹ fi èdè Japan kún un. Ó máa bi yín bóyá 12-key lẹ fẹ́ àbí QWERTY. QWERTY rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ s, ẹ tẹ a, さ á jáde. Èmi fẹ́ràn 12-key ju ìyẹn lọ torí ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́tìnnì tiẹ̀: ẹ tẹ さ lásán sa nìyẹn, ẹ fà á sósì ó di shi, sókè su, sọ́tùn-ún se, sísàlẹ̀ so. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n láìpẹ́.

Ẹ tún máa rí àmì wẹ́wẹ́ méjì léjìká lẹ́tà nígbà míì, òun ló ń sọ sa di za, ka di ga, ta di da, ha di ba. Róbótó kékeré ló ń sọ ha di pa. Nínú díṣọ́nárì, abẹ́ sa ni za ń gbé, nítorí náà tó bá jẹ́ eré lẹ̀ ń ṣe, ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú bóyá za wọlé, torí ẹnì kan máa mú Zankoku na Tenshi no Thesis jáde dandan, èyí tí Takahashi Yoko kọ fún anime (fíìmù àwòrán Japan) tó ń jẹ́ Evangelion lọ́dún 1995, ariwo á sì sọ. Sazae-san ò ní wàhálà ní tiẹ̀, orin anime tí wọ́n ti ń ṣe láti 1969, sa ló fi bẹ̀rẹ̀ gbangba, za tó wà láàárín ò kàn wá.

Ó wá kan sa gan-an, sakura ló sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òdòdó yẹn máa ń tú ní ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ní ọ̀pọ̀ ibi ní Japan, oṣù kẹta yẹn náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde iléèwé, oṣù kẹrin ni sáà tuntun ń wọlé, èèyàn ń sọ pé ó dàbọ̀ fún ọ̀rẹ́, ẹlòmíì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òdòdó ń já bọ́ sórí gbogbo wọn, ṣé ẹ wá rí ìdí táwọn akọrin ò fi lè fi í sílẹ̀. Sakura Sakura jẹ́ orin àtijọ́, ó ti wà nínú ìwé orin koto, ohun èlò orin olókùn kan, tí iléèwé orin Tokyo tẹ̀ jáde ní 1888. Fukuyama Masaharu ṣe Sakurazaka ní 2000, Utada Hikaru ṣe SAKURA Drops ní 2002, Moriyama Naotaro ṣe Sakura ní 2003, Ketsumeishi àti Kobukuro, Sakura náà ni, 2005 làwọn méjèèjì, Ikimono-gakari tún ṣe tiwọn ní 2006. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: Moriyama kọ ọ́ ní さくら, Kobukuro kọ ọ́ ní 桜, Ikimono-gakari kọ ọ́ ní SAKURA. Ẹni tó bá ń fi ojú wá a, ọ̀kan péré ló máa rí. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìró náà tán, ẹ fi orúkọ akọrin ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á gbé orin ẹlòmíì jáde, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà lórí ìdúró pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́.

Nọ́ńbà náà máa ń fi ara pamọ́. 3月9日, ìyẹn ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ni ẹgbẹ́ olórin Remioromen kọ sára orin wọn ti 2004, wọ́n á kà á ní Sangatsu Kokonoka, sa nìyẹn! Tọ́rẹ̀ẹ́ wọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ orin náà, àmọ́ níbi ayẹyẹ ìjáde iléèwé ló wá gbajúmọ̀ sí. Kanji, àwọn lẹ́tà tí wọ́n yá lọ́wọ́ China, tún lágídí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 千 lè jẹ́ sen, ó lè jẹ́ chi, torí náà ẹ má méfò, ẹ wá ibi tí wọ́n bá kọ よみ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin, bí wọ́n ṣe ń kà á ló máa wà níbẹ̀. Orúkọ òyìnbó náà, bí ẹnu Japan ṣe pè é ni: Lemon ti Yonezu Kenshi di re-mo-n, ìlà ra ló wà. First Love ti Utada wà lábẹ́ fu.

Orúkọ tí wọ́n sọ orin lẹ́yìn odi tún lè ṣì yín lọ́nà. Ẹni tó bá ń wá Sukiyaki ti Sakamoto Kyu lábẹ́ su máa wá a tì. Oúnjẹ ni sukiyaki, kò sí nínú orin yẹn rárá, àwọn ará Britain ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè rọ̀ wọ́n lẹ́nu, orúkọ yẹn náà ló sì fi gba ipò kìíní lórí Billboard ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún 1963. Ní Japan tó ti jáde ní 1961, Ue o Muite Arukō ni, u ló fi bẹ̀rẹ̀. "O" àárín yẹn, を ni kẹ́ ẹ tẹ̀ o, ẹ má tẹ お.

Ní ilé karaoke ní Japan, ẹ̀rọ karaoke tó ń jẹ́ DAM àti JOYSOUND lẹ máa bá pàdé jù. Tablet tí wọ́n fi ń wá orin lórí DAM ni wọ́n ń pè ní denmoku. Ẹ tẹ 曲名, orúkọ orin nìyẹn, 歌手名 jẹ́ ti akọrin, kẹ́ ẹ wá tẹ さ. Ẹ fi lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta kún un, torí さ nìkan máa kó orin bo yín mọ́lẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ shiritori lẹ̀ ń fi orúkọ orin ta, ìyẹn eré tí sílébù tẹ́nì kan fi parí lẹnì kejì máa fi bẹ̀rẹ̀, Sakura dùn ún jù nínú ọwọ́ ẹni. Ra ló fi parí, ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ Japan kì í sì í fi r bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kàn máa wá kálòlò. Á sáré mú Rakuen ti Hirai Ken, n ló fi parí, ẹni tó bá sì fi n parí ti fìdí rẹmi. Á mú LOVE Machine ti Morning Musume, mashīn, n náà ni. Èyí tó lè yọ ọ́ ni Love Story wa Totsuzen ni ti Oda Kazumasa, 1991, ẹ yáa ti wá orin tó fi ni bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ de ìyẹn.