Bí a ṣe ń wá owó ìwádìí láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ibi tí fásitì wà lè dí i lọ́wọ́ láti rí owó ìwádìí. Ẹni tó sún mọ́ Àbújá tètè ń gbọ́ ìròyìn, àwọn ẹ̀rọ ńlá sì wà nítòsí ará Èkó. Amẹ́ríkà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 1979 ni wọ́n dá ètò EPSCoR sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí owó ìwádìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Àmọ́ ẹ wo Ẹdẹ níbí. Báǹkì Àgbáyé fún ACEGID, ibùdó ìwádìí àrùn àkóràn ní Redeemer's University, lówó, torí ilẹ̀ wa ni àrùn bí ibà Lassa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí wà.

Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi polówó iṣẹ́ yín. Àkòrí bí "Omi mímu ní Nàìjíríà"? Ta ni kò lè kọ ìyẹn! Ẹ kọ omi kànga àwọn abúlé tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá Ìtagúnmódì, kí orúkọ ibẹ̀ sì ti hàn ní gbólóhùn kejì.

Ìṣírò owó ló ń pa ọ̀pọ̀ àbá: wọ́n á ṣe é bí ẹni pé ẹ̀rọ wà nílé. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti máa wọn òjé inú omi náà, ẹ ṣírò ike tí a fi ásíìdì fọ̀, ásíìdì nitric tó máa fa pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 2, àti owó mọ́tò. Láìsí ásíìdì, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan kan. Pẹ̀lú rẹ̀, omi lè dúró oṣù mẹ́fà. Omi tí ẹ fẹ́ wọn mákúrì inú rẹ̀ ò ju ọjọ́ 28 lọ. Owó dísẹ̀lì ńkọ́? Ẹ ka òfin olówó kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, àwọn kan kì í san án.

Ó ku aago tí gbèdéke ìfìwéránṣẹ́ máa ń pé. Agogo 5 ìrọ̀lẹ́ níbi tí fásitì yín wà ni NIH, àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, ń lò. Ti Brussels ni àwọn ará Yúróòpù ń lò: láti òpin oṣù Kẹta sí òpin oṣù Kẹwàá, agogo 5 wọn, agogo 4 ni nílùú wa. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe.

Ti NIH tún ní ìforúkọsílẹ̀ lórí SAM.gov (ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń gba owó rẹ̀) àti eRA Commons (ìkànnì NIH fúnra rẹ̀), tó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Orúkọ fásitì ni wọ́n ń fi ṣe é, ọdọọdún ni wọ́n sì ń sọ ti SAM.gov dọ̀tun. Ẹ bi ọ́fíìsì ìwádìí yín lónìí bóyá tiyín ò tíì kú.