Ọmọ yín ti wọ tíìmù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré: bẹ́ ẹ ṣe máa bá a lo sísìn náà rèé

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé òun ti wọ tíìmù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ohio, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé èló ni wọ́n máa fún ẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Kọ́bọ̀ ò sí ńbẹ̀. Division III ni wọ́n ń pe ìpele yẹn, òfin wọn ò sì gbà kí wọ́n fún ọmọ ní sikọ́láṣíìpù torí bọ́ọ̀lù, owó tí wọ́n bá fún un, tórí pé ó mọ̀wé ni tàbí tórí pé ọwọ́ òbí ò fẹ́ ká a. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra jẹ́sì kankan, ẹ jókòó ka lẹ́tà financial aid, ìyẹn lẹ́tà owó ìrànlọ́wọ́ tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́, ẹ wo èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn àti èyí tó jẹ́ gbèsè tí wọ́n máa san padà. Kóòṣì lè sọ̀rọ̀ tó dùn bí oyin lórí fóònù, lẹ́tà yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ó láǹfààní tiẹ̀ náà ṣá: tọ́mọ bá ní bọ́ọ̀lù ti sú òun, wọn ò lè torí ìyẹn gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wá lọ síkàànì ayélujára ilé-ìwé náà, ẹ tẹ schedule wọn jáde, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Gémù 10 péré ni, Sátidé sí Sátidé, láti ìbẹ̀rẹ̀ September títí dé àárín November, bí ìdajì ẹ̀ á jẹ́ nílé. Kò dà bíi Premier League tó jẹ́ pé tí wọ́n bá nà yín lẹ́ẹ̀mẹta ó ṣì ku gémù 35, níbí tí wọ́n bá nà yín lẹ́ẹ̀mejì ẹ ti lè máa palẹ̀ mọ́. Tíìmù tó bá gba ife conference ẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìwé tó ń bá ara wọn gbá, ló máa ń dájú pé ó wọ playoff, ìyẹn ìdíje ìparí sísìn, 40 ni wọ́n sì ń mú wọlé láti 2024, títí wọ́n á fi dé àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Stagg Bowl. Tọ́mọ yín bá wà ní conference kan náà pẹ̀lú Mount Union, ìyẹn àwọn ará Alliance ní Ohio, mo bá yín kẹ́dùn, ìgbà 13 nìyẹn ti gba ife gbogbo Amẹ́ríkà ní ìpele yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lẹ máa fi íntánẹ́ẹ̀tì wò ó, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń gbé e sórí ayélujára. Aago kan ọ̀sán ní Ohio, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni n'Íbàdàn, àmọ́ tó bá ti di Sunday àkọ́kọ́ nínú November, àwọn Amẹ́ríkà á dá aago wọn padà sẹ́yìn, ó di aago méje nìyẹn. Màmá wa jókòó ti fóònù fún wákàtí kan gbáko lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní wọ́n ti fagi lé gémù.

Kó tó kan gémù, camp, ìyẹn ìdánrawò ṣáájú sísìn, máa wà nínú August, oòrùn á sì mú gan-an. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ eré rárá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀wù ogun wọn, ìyẹn helmet àti páàdì, wọ̀ wọ́n, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ helmet nìkan, kí ara lè mọ ooru. Ẹ máa pè é lálaalẹ́, ẹ bi í pé omi tó mu ńkọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń lọ nìyí o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún tíìmù láti gbé bọ́ọ̀lù rin yard 10. Tẹ́ ẹ bá rí "3rd & 7" lórí bọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, ó ku yard 7. Tí wọ́n bá rìn ín pé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn bàbá kan wà létí pápá tó di ọ̀pá méjì mú tí ṣéènì wà láàárín ẹ̀, tí wọ́n bá sáré gbé e wọlé wá wọn ilẹ̀, kí gbogbo yín dákẹ́. Touchdown, ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé ìparí pápá níhà àwọn alátakò, jẹ́ 6, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fẹsẹ̀ gbá gba àárín òpó lẹ́yìn ẹ̀ jẹ́ 1, field goal, ìyẹn kí wọ́n fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó láìsí touchdown, jẹ́ 3. Ìyókù ẹ máa mọ̀ ọ́n bó bá ṣe ń lọ. Wákàtí kan ni wọ́n ní eré jẹ́, irọ́ ni, ẹ fi bíi mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú nọ́ńbà. Àwọn ọmọ lè lé ní ọgọ́rùn-ún nínú tíìmù kan, nọ́ńbà ò sì lé ní 99, ẹni méjì lè wọ nọ́ńbà kan náà. Odindi ìdajì gémù ni mo fi kígbe fún 44 kan, mo ń fò sókè, àfi ìgbà tó ṣí helmet tí mo rí òyìnbó onírun pupa. Ọmọ tiwa wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ló máa ń dun òbí jù. Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà wọlé ní Sátidé, JV ló ń gbá, ìyẹn gémù àwọn tíìmù kejì, tó sábà máa ń bọ́ sí Sunday tàbí Monday, èèyàn bíi ogún ló máa ń wá. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ lọ! Ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìkòkò ẹ̀ kó má bàa tutù, kẹ́ ẹ sì sè é kó pọ̀, torí gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa tẹ̀lé e wá síbi mọ́tò yín.

Tó bá forí gbá, tójú ẹ̀ ń ṣú, ẹ má sọ fún un pé ọkùnrin ni ẹ́, mú un mọ́ra. Òfin ni pé ẹni tí wọ́n bá ti fura sí lórí ọ̀rọ̀ orí gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá sì rí i pé ọpọlọ ẹ̀ ti mì, kò gbọ́dọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ dókítà ló kù sí, kì í ṣe kóòṣì. Aboníkí ò sì ṣiṣẹ́ fún ọpọlọ. Ẹni tó bá ní láìṣe pé kí wọ́n máa gbára wọn lulẹ̀ lójoojúmọ́ tíìmù ò ní mókè, ẹ sọ̀tàn kóòṣì kan tó ń jẹ́ John Gagliardi fún un, ó lo sísìn 60 ní Saint John's ní Minnesota, kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ara wọn ṣánlẹ̀ ní pápá ìdánrawò, síbẹ̀ gémù 489 ló jẹ lápapọ̀, pẹ̀lú èyí tó jẹ níbi tó ti ṣe kóòṣì tẹ́lẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì ní 2012. John làwọn ọmọ sì ń pè é o, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún!

Gémù ilé tó kẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń pe àwọn tó fẹ́ jáde ilé-ìwé lọ́dún yẹn pẹ̀lú òbí wọn wọ pápá. Tó bá kàn yín, agbádá dáa, ìró àti bùbá dáa, ẹ kàn wọ súwẹ́tà sábẹ́ ẹ̀, November ni. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi bàtà gogoro sílé, ilẹ̀ máa rọ̀.