Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Gíríìsì àti Róòmù Kọ́ni

Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ti gbé àwòrán ohun tí wọ́n kó pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣòro mọ́ fún olùkọ́ láti fi ère Gíríìsì tàbí owó Róòmù han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń lò ó ni ìṣòro wà. Àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù, tí ó sì bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù, ni pé olùkọ́ yóò ti sọ ìtàn tán pátápátá kí ó tó gbé àwòrán jáde, tí nǹkan náà yóò fi di ọ̀ṣọ́ lásán lára ẹ̀kọ́ tí ó ti parí.

Ẹ wo orí idẹ Késárì Augustus tí ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá kàn fi í hàn láti sọ pé olú-ọba Róòmù àkọ́kọ́ nìyí, àwọn ọmọ yóò wò ó, wọn yóò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọn, wọn yóò rí i pé orí nìkan ni, pé wọ́n gé e kúrò lára ère, àti pé ẹyinjú rẹ̀ tí wọ́n fi dígí àti òkúta ṣe ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ẹyinjú bẹ́ẹ̀ ti bọ́ dànù lára ọ̀pọ̀ ère idẹ ayé àtijọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó sọ pé ní ọdún 1910 ni wọ́n hú u jáde ní Meroë, ní orílẹ̀-èdè Sùdáànì òde òní, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìsìn kan. Àwọn ọmọ ogun Kúṣì, ìjọba kan ní ilẹ̀ Sùdáànì ayé àtijọ́, ni ó kọlu ibùdó Róòmù ní gúúsù Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 25 ṣáájú ìbí Kristi, tí wọ́n kó ère lọ sílé, tí wọ́n sì bo orí yìí mọ́lẹ̀ síbi tí gbogbo ẹni tí ń wọlé yóò ti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi ère yìí sọ̀rọ̀ agbára Róòmù nìkan ti fo ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà tí ó fi àbùkù kan Késárì.

Ẹ má ṣe kọ́ ọmọ pé funfun ni ẹwà lójú àwọn Gíríìkì. Pupa, búlúù, àwọ̀ ewé àti ìyeyè ni wọ́n fi ń kun ère wọn. Ọjọ́ pípẹ́, òjò àti erùpẹ̀ ni ó jẹ ọ̀dà náà dànù. Ère ọ̀dọ́bìnrin tí a mọ̀ sí Peplos Kore, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú ìbí Kristi, ṣì ní àmì ọ̀dà lára ní Acropolis Museum ní Átẹ́nì. Ọwọ́ ènìyàn náà wà nínú funfun tí à ń rí: ní ọdún 1937 àti 1938, wọ́n fi irinṣẹ́ bàbà ha díẹ̀ lára àwọn ère Parthenon, ilé ìsìn àtijọ́ kan ní Átẹ́nì, ní British Museum kí wọ́n lè funfun sí i. Síbẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe tìtorí èyí mú ère aláwọ̀ tí àwọn onímọ̀ òde òní tún kùn, kí ó sì sọ pé bí ó ṣe rí gan-an nìyí. Ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù kì í sábà tó láti fi mọ bí ó ṣe dán tàbí bí ó ṣe ki tó.

Àdàkọ tún ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣìnà. Doryphoros, ọkùnrin tí ó gbé ọ̀kọ̀, ni a sábà fi ń ṣàpẹẹrẹ iṣẹ́ Polykleitos, agbẹ́gilére ará Gíríìsì tí ó fi idẹ dà á ní nǹkan bí ọdún 440 ṣáájú ìbí Kristi. Idẹ yẹn ti sọnù. Òkúta mábù tí àwọn ará Róòmù gbẹ́, tí wọ́n sì hú jáde ní Pompeii, ìlú Róòmù àtijọ́ kan ní Ítálì, ni èyí tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Naples. Bí olùkọ́ kò bá sọ èyí, àwọn ọmọ yóò máa ya kùkùté igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé Polykleitos ní ohun tí ó fẹ́ fi í sọ, nígbà tí ó jẹ́ pé kí òkúta wúwo má baà ṣẹ́ ní ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Idẹ tí inú rẹ̀ ṣófo kò nílò rẹ̀.

Lójú tèmi, orí ìkòkò ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ti ń pàdánù jù. Iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ fi ọ̀dà dúdú ya jagunjagun sórí pépà aláwọ̀ amọ̀. Ó dùn mọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n dúdú ara ìkòkò Átẹ́nì kì í ṣe ọ̀dà rárá. Amọ̀ ni, tí wọ́n sẹ́ títí ó fi kúnná, tí wọ́n sì fi kun ara ìkòkò. Inú iná ni ó ti ń yí padà. Wọn yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ààrò, gbogbo rẹ̀ yóò sì pọ́n. Wọn yóò dí ojú afẹ́fẹ́, wọn yóò ki igi tútù bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ yóò dúdú. Nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i, ibi tí wọn kò kùn yóò padà pọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kùn ti dì bíi dígí, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ ibẹ̀ mọ́, dúdú rẹ̀ sì dúró. Ní nǹkan bí ọdún 525 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n yí ọgbọ́n náà padà, tí wọ́n ń kun ẹ̀yìn àwòrán tí wọ́n sì ń fi ènìyàn sílẹ̀ ní pupa, kí wọ́n lè fi búrọ́ọ̀ṣì ya iṣan àti ìṣẹ́po aṣọ dípò kí wọ́n máa fi irin ha á. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ti kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà.

Ẹ má sì ṣe fo ọ̀nà tí nǹkan gbà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1972, Metropolitan Museum ní New York fi mílíọ̀nù kan dọ́là ra ìkòkò ńlá tí Euphronios, ayàwòrán ará Átẹ́nì ayé àtijọ́, kùn. Ibojì kan ní Ítálì ni àwọn olè ti hú u, ọdún 2008 ni ó sì tó padà sílé. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ibojì náà kò ṣeé mọ̀ mọ́, àdánù yẹn sì ju iye owó rẹ̀ lọ.

Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni kí a sọ Gíríìsì di òṣùwọ̀n. Nígbà tí Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, rí orí idẹ tí a mọ̀ sí orí Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910, kò gbà pé Yorùbá ni ó ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni ó ti tẹ̀dó síbẹ̀. Ní 1938, wọ́n kan ọ̀pọ̀ orí mìíràn níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò sì sí onímọ̀ tí ó ń jiyàn mọ́ pé ọwọ́ Ifẹ̀ ni ó dà wọ́n. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ère Gíríìkì, tí ó wá ń yìn wọ́n pé wọ́n "dára bíi ti Gíríìsì," òṣùwọ̀n Frobenius ni ó ṣì mú dání. Ẹ kúkú fi ọgbọ́n ìdà-idẹ wé ara wọn, nítorí pé ìda ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fi mọ ère kí wọ́n tó dà á: àwọn Gíríìkì a máa da ère ńlá ní ẹyọ-ẹyọ, wọn a sì jó o pọ̀. Kí ẹ sì bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rò pé àwọn ihò ọrùn àti ẹ̀bá irun orí Ifẹ̀ wà fún.