Bí a ṣe ń pààrọ̀ síprìǹgì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù

Píkọ́ọ̀pù tó ń ru pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí tó ń kó obì wọ Ṣàgámù, kì í pẹ́ tí ìdí rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ẹ já ẹrù inú rẹ̀, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi tépù wọn àárín táyà ẹ̀yìn dé etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi íǹṣì kan lọ sílẹ̀ ju ìkejì, tàbí tí irin kan ti ṣẹ́ nínú síprìǹgì, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró, síprìǹgì ti tó pààrọ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n ti irin náà bọná, kí wọ́n fi òòlù lù ú kó tún tẹ̀ kọrọdọ. Iná yẹn ló ń pa agbára irin. Kò ní pẹ́ tí á fi tẹ́ padà. Èyí tó ṣẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó gan-an ni yóò tún ti ṣẹ́.

Síprìǹgì ọ̀tún àti ti òsì ni kí ẹ rà pọ̀, ẹ má ra ẹyọ kan. Ẹ ra yúbóòtù tuntun mẹ́rin (bóòtù onírìísí U tó ń de síprìǹgì mọ́ ákísù, irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn, torí èyí tó ti wà lára ọkọ̀ ti nà, kò ní di irin mú mọ́. Ẹ ra búṣìn, rọ́bà tó ń wọ ojú ihò síprìǹgì, pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni síprìǹgì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú rẹ̀ àti yíká ihò àárín. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ẹfun lẹ́búlẹ́bú pa á. Ibi tó bá ti sán, kẹrosíìnì á yọ lára ẹfun bí ìlà tín-ínrín, bí irun orí. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú. Ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń gbé jáàkì mì, nítorí náà ẹ fi pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Sítáǹdì ni kí ṣásí, férémù irin abẹ́ ọkọ̀, jókòó lé, jáàkì kejì á sì gbé ákísù. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan, kí ákísù má baà sá kúrò láyè rẹ̀. Ẹ tú táyà, ẹ tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù, ẹ tú yúbóòtù, kí ẹ wá sọ ákísù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀; ojú yín kó wà lára rọ́bà bíréèkì, kò gbọdọ̀ fà le. Nínú bóòtù orí àti ìdí síprìǹgì, èyí tó ti dípẹtà mọ́ inú búṣìn ló ń jẹ àkókò jù. Ẹ fi ayùn irin gé e, ẹ má gbé iná sí i: táńkì epo kò jìnnà.

Kí ẹ tó gbé tuntun sókè, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Nínú ọ̀pọ̀ síprìǹgì, sẹ́ńtà bóòtù, bóòtù tó gba inú àwọn irin náà kọjá, kì í wà láàárín gan-an; apá kan kúrú ju ìkejì. Ẹ ki bóòtù iwájú bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ṣákù ẹ̀yìn (irin tó so ìdí síprìǹgì mọ́ ṣásí), ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dè wọ́n. Ẹ gbé ákísù sókè títí orí sẹ́ńtà bóòtù á fi wọ ihò rẹ̀ lára ákísù pátápátá. Tí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ náà á máa fi rìn bí alákàn. Ẹ de yúbóòtù lónígun-sí-onígun, díẹ̀díẹ̀, dé iye tí ìwé ọkọ̀ náà sọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ rèé: wọ́n á de ṣákù pinpin nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì wà lókè. Rọ́bà búṣìn á di irin mú níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, á lọ́, á sì ya láìpẹ́. Ẹ de táyà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó jókòó lórí táyà rẹ̀, kí ẹ tó wá de bóòtù iwájú àti ṣákù parí.

Tó bá ti rin bíi kìlómítà 100, ẹ tún yúbóòtù dè. Ẹ má sì da ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sára síprìǹgì nítorí ariwo. Ọ́ìlì máa ń jẹ rọ́bà búṣìn.