Bí ẹ ṣe lè yanjú equation lórí group láì wá ìdáhùn ẹ̀ kiri

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe group theory, wọ́n fún wa ní group G (àkójọ nǹkan tá a lè sọ di púpọ̀ láàárín ara wọn, tí 1 wà nínú ẹ̀, tí kálukú sì ní òdìkejì ẹ̀), wọ́n wá kọ nǹkan bíi a·t²·b·t⁻¹·c·t = 1 síwájú wa, a, b, c wà nínú G, t la ò mọ̀. Wọn ò ní kí t wà nínú G dandan o, ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé ṣé group míì wà tó tóbi ju G lọ, tó gba G sínú bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tá a ti lè rí t.

Ẹ kọ́kọ́ ro agbára orí t pọ̀: 2 − 1 + 1 = 2. Iye yẹn là ń pè ní k. Tó bá jẹ́ 0, ẹ dúró ná. Ẹ wo t·a·t⁻¹ = b, ká ní a² = 1, b³ = 1, b fúnra ẹ̀ kì í sì ṣe 1. Ẹ sọ apá méjèèjì di square, b² = 1 lẹ máa rí, b³ náà sì jẹ́ 1, b ti di 1 nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kò sí group kankan tó lè tún un ṣe.

Tí k ò bá ti jẹ́ 0, tí G sì lópin, topology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tí kì í yí padà tá a bá fa nǹkan láì já a, máa bá wa ṣe é. Gerstenhaber àti Rothaus ló fi hàn ní 1962, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ jẹ́ ká lo S₃, ìyẹn gbogbo ọ̀nà tá a lè gbà pààrọ̀ ààyè nǹkan mẹ́ta. Ẹ kọ wọ́n bíi matrix 3×3 tó ní 0 àti 1 nìkan, gbogbo wọn á bọ́ sínú U(3), ìyẹn group àwọn matrix 3×3 oní complex number tí kì í yí gígùn vector padà. Nínú S₃, àwọn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kálukú dá dúró, kò sọ́nà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. U(3) ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láti a dé 1, torí eigenvalue kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà tí matrix náà fi ń sọ vector tiẹ̀ di púpọ̀) wà lórí òbíríkítí, ẹ kàn máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí táá fi kan 1.

Ó yá, ẹ wá máa wo equation yẹn bí ẹ̀rọ: ẹ fi u èyíkéyìí láti U(3) sí i, a·u²·b·u⁻¹·c·u ló máa gbé jáde. Ẹ wá rin a, b, c lọ sí 1 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ yẹn á máa yí padà láì já, títí tó fi máa ku u² nìkan. Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ nìyí, map (ìyẹn irú ẹ̀rọ yẹn) tá a fà láì já kì í pàdánù degree ẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó wé bo ibi tó ń lọ, tá a bá ka èyí tó wé sí òdìkejì ní −1. Ẹ wé okùn mọ́ igi lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ so orí àti ìdí ẹ̀ pọ̀, tẹ́ ẹ bá tì í sókè tàbí tẹ́ ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ṣì wé, kò sì síbi tẹ́ ẹ máa dúró sí yí igi náà po tí okùn ò ní kọjá níwájú yín.

Báwo la ṣe wá ń ka degree u²? Ẹ mú matrix diagonal d tí eigenvalue ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Tí u² bá jẹ́ d, ud = du nìyẹn, u náà gbọ́dọ̀ jẹ́ diagonal, eigenvalue kọ̀ọ̀kan sì ní square root méjì, 2×2×2 = 8. Àmì kan náà ni gbogbo mẹ́jọ ní, wọn ò lè pa ara wọn rẹ́, torí náà degree jẹ́ 8. Map tí degree ẹ̀ kì í ṣe 0 ò lè fo ibì kankan, 1 náà wà lára ibi tó gbọ́dọ̀ dé, nítorí náà u kan wà nínú U(3) tó yanjú equation wa, bẹ́ẹ̀ a ò fọwọ́ kàn án rárá!

Group èyíkéyìí tó ní nǹkan n nínú lè wọ U(n) báyìí (matrix n×n), degree á sì jẹ́ kⁿ. Tí k bá kéré sí 0, ẹ fi t⁻¹ rọ́pò t.

Àmọ́ tí G ò bá lópin, ẹ má kàn lo ọ̀nà yìí, ó lè má sí U(n) tó máa gbà á. Onímọ̀ ìṣirò kan, Klyachko, rí ọ̀nà míì ní 1993 fún group torsion-free (ìyẹn èyí tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí 1, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ tá a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀ títí tó fi máa di 1) tí k jẹ́ 1 tàbí −1: ó ya àwòrán sójú bọ́ọ̀lù, ó ní kí mọ́tò máa wa yí etí ojú kọ̀ọ̀kan po, ó wá fi hàn pé wọ́n gbọ́dọ̀ forí gbárí níbì kan. Pé gbogbo group pátá ló máa gbà tí k ò bá ti jẹ́ 0, àbá Kervaire àti Laudenbach nìyẹn, kò sì tíì sẹ́ni tó yanjú ẹ̀.